Ọdún Tí Owó-orí Wọ Ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́

Ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Abẹ́rẹ́ kò ga, kò sì sanra. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ó ní tó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí èèyàn, wíwá ni èèyàn máa ń wá a. Orúkọ náà sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí ìdí abẹ́rẹ́ ló ti ń jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì yọ. Tìmùtìmù àga ló ń rán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Káfíńtà, ló ń kan egungun àga. Abẹ́rẹ́ ni yóò na okùn rọ́bà sí i nídìí, tí yóò to fóòmù lé e, tí yóò fi awọ bò ó, títí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yóò fi gbàgbé pé orí igi ni òun wà.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí tiwọn. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń gé. Iṣẹ́ mi kì í pẹ́ tán, ìdúró ni oníbàárà ń dúró gbà á, ìyókù ọjọ́ ni mo fi ń wo ìta. Ohun tí mo sì ń wò jù ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí.

Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ti ẹ̀yìn ni ti Káfíńtà: ayùn, ìfági, pákó tó fara ti ògiri, àti lẹ́búlẹ́bú igi tó bo ilẹ̀ débi pé èèyàn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ti iwájú ni ti Abẹ́rẹ́: tábìlì gbọọrọ tó fi ń gé awọ, fóòmù tó ga dé àjà, àti ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Ìlẹ̀kùn tó yẹ kó wà láàárín yàrá méjèèjì, wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́, nítorí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí Káfíńtà bá fi òòlù kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, Abẹ́rẹ́ á ti dìde lọ bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Tí Abẹ́rẹ́ bá wúkọ́, Káfíńtà á ṣí fèrèsé kí eruku lè jáde. Mo ti rí tọkọtaya tí wọn kò gbọ́ra wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá wọn kú nígbà tí Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ dání, tó rán an lọ kọ́ṣẹ́ tìmùtìmù, tó sì ra ẹ̀rọ dúdú yẹn dè é. Láti ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ ti kọ́ṣẹ́ tán, kò bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ rí. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Owó tó bá wọlé, inú agolo bisikíìtì kan ló ń lọ, lórí pẹpẹ tí ọwọ́ àwọn méjèèjì tó. Ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ sílé á mú owó oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ á sọ fún èkejì, á sì mú un. Mo bi Abẹ́rẹ́ nígbà kan pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín owó náà. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi pé báwo ló ṣe ń mí.

“Pín kí ni?” ló wí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí ni ìjọba ṣe òfin tuntun. Títí di ìgbà náà, owó ìwé àṣẹ tí à ń lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn nìkan ni àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń san. Òfin tuntun ní jákèjádò orílẹ̀-èdè, ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré ni yóò máa san owó-orí lórí èrè tó bá jẹ. Rédíò sọ ọ́ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀pọ̀. Ẹnìkan ní wọ́n á máa wá ka ìṣó. Ẹnìkan ní ẹni tí wọ́n bá bá tó ń rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á ní ó ti jèrè nìyẹn.

Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kí wọ́n lè là á yé wa. Obìnrin kan ni iléeṣẹ́ owó-orí rán wá. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ awò ojú, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, gbogbo owó tó wọlé kọ́ ni à ń wí o. Ẹ yọ owó ọjà, ẹ yọ owó iná, ẹ yọ owó ilé, ẹ yọ owó oṣù àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni èrè. Inú ìyẹn ni ìjọba ti ń fẹ́ ìpín tirẹ̀.”

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ pé gbèsè ni mo jẹ lọ́dún náà ńkọ́? Ṣé ìjọba á wá bá mi gba ìpín tirẹ̀ nínú ìyẹn náà?”

Gbọ̀ngàn hó. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní gbèsè onígbàjámọ̀, ti onígbàjámọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù lọ́dún kan lè yọ ọ́ nínú èrè ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó dá ẹni gbogbo lóhùn, kò sì sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni bí ọmọdé. Nígbà tí à ń padà lọ, Káfíńtà ń ráhùn lọ́nà. Abẹ́rẹ́ ló ń pẹ̀tù sí i nínú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká san án. Ṣé ẹ ò rí bí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé àga wa gbà ṣe rí ni?”

“Ẹnu dùn ún ròfọ́,” ni Káfíńtà wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wá láti fi orúkọ wa sílẹ̀. Tèmi kò pẹ́. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Bó ṣe jáde ló sọdá sọ́dọ̀ wọn, èmi náà sì tẹ̀ lé e nítorí mo ní kọ́kọ́rọ́ àgádágodo wọn lọ́wọ́ tí mo fẹ́ lọ fún wọn. Ó jókòó lórí àga tuntun kan, ó yin ín. Ó bi wọ́n léèrè owó pákó, owó fóòmù, owó iná. Káfíńtà ń dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, Abẹ́rẹ́ ń fi ọwọ́ rán igun awọ kan tí ẹ̀rọ kò lè dé.

Ni obìnrin náà bá ní, “Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ilé-iṣẹ́ yìí ni, àbí ẹnìkan ló ni ín, tí èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Obìnrin náà rò pé ìbéèrè náà kò yé wọn ni, ó sì là á síwájú wọn: tí ẹnìkan bá jẹ́ òṣìṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ á kúrò kí wọ́n tó ka èrè, tó bá jẹ́ pé wọ́n jọ ni ín, àwọn méjèèjì á jọ pín ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó-orí. Káfíńtà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Mo rí i tó ń ṣírò nǹkan lọ́kàn, ètè rẹ̀ ń mì.

“Èmi ni mo ni ín,” ló wí. “Àbúrò mi ló ń bá mi ṣiṣẹ́.”

Abẹ́rẹ́ ti ti abẹ́rẹ́ wọ awọ dé ìdajì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Obìnrin náà yíjú sí i, ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?”

“Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni,” ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ ní ìhà kejì, ó sì ń rán an lọ. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ wọn sórí tábìlì, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Onídìrí ni ìyàwó náà, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́.

“Òṣìṣẹ́? Ẹ̀yin? Ṣé ẹ bi wọ́n pé kí ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kí ni màá bi wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Nítorí owó-orí ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Kó lè dínkù.”

“Tó bá jẹ́ nítorí owó-orí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín. Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má gbé e pamọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ kì í kú sínú, rírà ló ń rà.”

Abẹ́rẹ́ kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo àárọ̀ ni òun ń mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé, tí òun bá sì ti gbọ́ ìró ìfági, ọ̀rọ̀ náà á wọlé padà sí òun lọ́fun. Ó ń retí pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n òun yóò gbójú sókè láti ìdí pákó, yóò ní, “Èyí tí mo sọ lọ́jọ́sí, o ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju kí èèyàn mí síta lọ. Káfíńtà kò sọ ọ́. Mo gbà gbọ́ pé kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kó sọ nǹkan kan.

Agolo bisikíìtì kúrò lórí pẹpẹ. Òfin ní owó ilé-iṣẹ́ àti owó ilé kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́, ohun tó dára sì ni, kò sẹ́ni tó lè bú u. Káfíńtà lọ ṣí àpò ìfowópamọ́ sí báńkì ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Nígbà tí oṣù parí, ó na àpòòwé kan sí Abẹ́rẹ́, ó ní kó buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á. Owó inú rẹ̀ kò kéré. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ó ju ohun tí òun máa ń mú nínú agolo lọ. Ìyẹn gan-an ló dùn ún wọ egungun. Ká ní ó kéré ni, ì bá rí ohun tí yóò fi bínú.

Àwa tí a wà ní òdìkejì ọ̀nà rí i bí nǹkan ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Abẹ́rẹ́ kì í wo aago. Ní báyìí, tí aago márùn-ún bá ti lù, ó ti ń bo ẹ̀rọ lórí. Tí Káfíńtà bá kan òòlù lẹ́ẹ̀mejì, Abẹ́rẹ́ á rán ojú ìrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán ná kó tó dìde. Dípò “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀,” ó di “Ẹ káàárọ̀, sà.” Káfíńtà rò pé eré ni. Òun náà á dáhùn pé, “Òṣìṣẹ́ pàtàkì, káàárọ̀ o!” á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín náà.

Ọjọ́ tí ó bẹ́, ọ̀sán gangan ni. Obìnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé ìtura tuntun wá pàṣẹ àga púpọ̀. Ó na awọ aláwọ̀ ilẹ̀ àti èyí tó pupa sí Abẹ́rẹ́, ó ní èwo ló máa pẹ́ jù. Ìbéèrè tí Abẹ́rẹ́ lè dáhùn lójú oorun ni. Ó ní, “Ẹ bi onílé-iṣẹ́, mà.”

Káfíńtà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó jáde wá pẹ̀lú ìfági lọ́wọ́.

“Kí lo ní kí oníbàárà ṣe?”

“Mo ní kí wọ́n bi yín. Òṣìṣẹ́ ni mí.”

“Àṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ìjọba lo gbé sórí láti ìjọ́un? Mo ń dín owó-orí kù fún wa, ìwọ ń bínú!”

“Ẹ ò sọ fún mi bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé gbogbo nǹkan ni mo gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé fún ọ ni?”

Abẹ́rẹ́ dìde. Mo ti sọdá dé ẹnu ọ̀nà wọn nígbà náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìjọba sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ti owó-orí sílẹ̀. Láàárín èmi àti ẹ̀yin, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?”

Tó bá jẹ́ pé “àwa méjèèjì” ni Káfíńtà sọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n oníbàárà wà nílẹ̀ tó ń wò ó, èmi náà wà lẹ́nu ọ̀nà, inú sì ti bí i. Èèyàn tí inú ń bí kì í mọ èyí tó fẹ́ sọ yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló rán ọ kọ́ṣẹ́?” ló wí. “Ta ló ra ẹ̀rọ tó o jókòó sí? Lọ́jọ́ tí bàbá wa kú, ká ní mi ò mú ọ dání ni, níbo lò bá wà lónìí?”

Ẹyin lohùn. Gbogbo wa gbọ́ bó ṣe fọ́. Káfíńtà fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣà á nílẹ̀ mọ́.

“Ó ti yé mi,” ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó mú rọ́bà tó fi ń bo ìka, ó sì fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ dúdú náà lórí. “Ẹ jẹ́ kí n máa gbé èyí lọ. Màá máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Káfíńtà kò wò ó lójú. “Ó ti wà lára ohun ìní ilé-iṣẹ́ tí mo kọ fún àwọn ìjọba. Mi ò lè yọ ọ́ báyìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ṣe jáde kúrò níbi tó ti lo gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan nínú àpò ẹ̀wù. Mo bẹ Káfíńtà pé kó pè é padà. Ó ní, “Níbo ló fẹ́ lọ? Yóò padà wá.” Mo lọ bá Abẹ́rẹ́ nílé. Ó ní, “Ohun tí wọ́n sọ yẹn, òótọ́ ni. Àwọn ló rán mi kọ́ṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń kà á ni.”

Ó gba yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé epo, ó ra ògbólógbòó ẹ̀rọ kan tó ń já òwú. Àga tó ya ló ń bá àwọn èèyàn tún ṣe, àti ìjókòó alùpùpù. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ owó-orí. Obìnrin awò ojú yẹn ló bá níbẹ̀. Ó dá a mọ̀, ó wojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìbi í ní ohun tí kò yẹ. Nígbà tí àwọn èèyàn bá fẹ́ bú owó-orí níwájú Abẹ́rẹ́ kí inú rẹ̀ lè dùn, kò jẹ́ kí wọ́n bú u tán. “Ẹ fi owó-orí sílẹ̀. Ìbéèrè ni ọmọ yẹn bi. Ìdáhùn ló pa mí lára.”

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, Káfíńtà gba ẹnìkan sídìí tìmùtìmù, ẹni náà lọ; ó gba ẹlòmíràn, ìyẹn ń fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, oníbàárà ń gbé àga padà wá. Kò sọ pé òun nílò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ẹrù dúró lẹ́nu ọ̀nà Abẹ́rẹ́, ó sọ egungun àga gígùn kan kalẹ̀.

“Wọ́n ní kí ẹ bá wọn fi tìmùtìmù sí i. Wọ́n ní ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n.”

Abẹ́rẹ́ kò bi í pé ta ni “wọ́n.” Àmì ṣọ́ọ̀kì wà lára igi níbi tí okùn rọ́bà yóò gbà, bí Káfíńtà ti máa ń ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́. Ó fẹ́ dá a padà. Ìyàwó rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ gbà á. Bóyá bí wọ́n ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ nìyẹn.”

Ó gbà á. Owó iṣẹ́ náà dé pé, pẹ̀lú rìsíìtì, bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń san án fún ilé-iṣẹ́. Láti ìgbà náà, egungun àga ń wá, àga onítìmùtìmù ń padà lọ. Tí ìṣó tí Káfíńtà fi ránṣẹ́ bá ṣẹ́kù, Abẹ́rẹ́ á dì í sínú aṣọ kékeré, á so ó mọ́ apá àga. Tí awọ kan bá ṣòro, Káfíńtà á fi pákó tó ti fá dáadáa kún egungun àga, kí ìṣó lè ríbi wọlé, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì kò fojú kanra. Ìrìn tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kò gùn. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, màá kí ti ibí, màá kí ti ọ̀hún. Ti ibí á ní, “Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?” Ti ọ̀hún á ní, “Ṣé ó ń jẹun?” Mo di kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ibì kankan.

Báyìí ni wọ́n wà, ọdún ń gorí ọdún, títí egungun àga kan fi dé tí oríkèé rẹ̀ mì. Abẹ́rẹ́ tì í, ó tún mì. Kò rí irú rẹ̀ rí látọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó dè é mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi oníkẹ̀kẹ́ ẹrù bóyá ara ẹ̀gbọ́n òun dá.

“Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló ń gbọ̀n,” ni ìyẹn wí. “Wọ́n ní kí n má sọ.”

Abẹ́rẹ́ wọ aṣọ tó dára, ó jáde. Ó dé igun ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta oògùn, ibi tí èèyàn ti ń rí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbọ́ ayùn tó ń lọ tó ń dúró, bí ẹni tó ń mí pẹ̀lú ìnira. Ó dúró títí. Lẹ́yìn náà ló yí padà.

“Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn ló máa kọ́kọ́ wá,” ló sọ fún mi. “Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí wọ́n kàn yọjú sí ẹnu ọ̀nà mi, kí wọ́n má tilẹ̀ sọ nǹkan kan.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìyàwó Káfíńtà fúnra rẹ̀ sáré dé, láìbo orí. “Abẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ti ṣubú o!” Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé láti ilé ìwòsàn, apá kan ara rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ.

Abẹ́rẹ́ ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń fá irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń gé èékánná rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ibùsùn fẹ́ máa dá egbò sí i lẹ́yìn, ó lọ wá fóòmù tó dára jù, ó gé e, ó dá ihò sí ibi tí egungun ìdí yóò sinmi sí, ó fi aṣọ rírọ̀ bò ó, ó sì yí gbogbo ojú ìrán sí abẹ́ kí ó má baà họ ọ́ lára. Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Mi ò rí èyí tó tó ìyẹn. Wọ́n gbé Káfíńtà lé e. Ó pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀.

Ó máa ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. “A… a…” ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì le mọ́ Abẹ́rẹ́. Àwọn kan nínú ilé ní “àbúrò” ló ń pè. Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ omi. Abẹ́rẹ́ á bu omi fún un, á gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ó ti tán.” Ṣùgbọ́n tó bá jáde sí ìta, ó máa ń bi mí pé, “Kí lo rò pé wọ́n fẹ́ sọ?” Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun náà ni kò tètè dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni kò tètè sọ, èwo nínú méjèèjì ni kí a bínú sí?

Káfíńtà kú kí ọdún náà tó parí. Abẹ́rẹ́ àti ìyàwó olóògbé ló jọ lọ sí iléeṣẹ́ owó-orí láti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Kò sí ohun tó kù tí wọ́n ń jẹ ìjọba. Káfíńtà kì í pẹ́ san án. Wọ́n ta ẹrù ṣọ́ọ̀bù pọ̀ fún oníṣòwò kan láti àdúgbò mìíràn. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ yóò fi dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó o, ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀rọ dúdú náà sì ti wà nínú ẹrù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún, ó ní òun gbàgbé láti yọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ ní kó má sunkún, pé ẹ̀rọ lásán ni.

Mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ egungun àga kan kalẹ̀, láti ọ̀dọ̀ káfíńtà tuntun kan tí ó gbà láti máa bá a kan án. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ tì í. Ó ti apá rẹ̀, kò mì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí gbogbo etí rẹ̀ ká, kò sí ibi tó họ. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó wo oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún dá a dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

“Kí lò ń wá?” ni mo bi í.

“Àléébù,” ló wí. “Ọmọ náà mọṣẹ́. Mi ò rí ibi tí mo lè bá a wí. Àmì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò sí lára rẹ̀.”

Ó fi orí lé apá àga náà. Mo yíjú sí ìta, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń ra epo, títí mo fi gbọ́ pé ó ti ń fa okùn rọ́bà.